Ọwọ́ Tó Ń Fún Adìyẹ Lóògùn: Bí Mo Ṣe Ti Ìdó-Ọ̀ṣun Dé Íńdíà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tí ẹ ní mi ò ní padà wá, mo ti dé o. Ọwọ́ mi méjèèjì pé, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló wà níbẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ nítorí pé tìtorí ọwọ́ ni mo ṣe kúrò nílé, ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà ni mo sì máa fi parí ìtàn yìí.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Ọlájídé ni orúkọ mi, èmi ni bàbá Dúpẹ́. Ọmọ Ìwàrà ni mí, nítòsí Iléṣà. Inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti sàmì fún mi, ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń bá Alhaja Ṣẹ̀kínátù ṣiṣẹ́ ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Ọmọ Òṣogbo pọ́nńbélé ni Alhaja. Aṣọ ni ìyá rẹ̀ tà, aṣọ lòun náà tà títí ó fi lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, kó tó sọ lọ́jọ́ kan pé aṣọ kì í yé ẹyin. Ló bá kọ́ ilé adìyẹ, ọ̀kẹ́ kan adìyẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni olórí àwọn tó ń fún wọn ní oògùn àjẹsára, èyí tí a máa ń fún ara tó le kí àìsàn má bàa rí i gbé ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè mí ní Dókítà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, síbẹ̀ ó ń dùn mọ́ mi nínú.

Ohun Tó Lé Mi Jáde

Ẹ mọ lúkúlúkú. Ẹni tó bá ti sin adìyẹ rí kò lè ṣàì mọ̀ ọ́n. Òun ló ń lọ́ adìyẹ lọ́rùn, tó ń mú un yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé, tó sì lè pa gbogbo ilé adìyẹ kan tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. A fún àwọn adìyẹ Alhaja ní àjẹsára lúkúlúkú nínú omi mímu, lákòókò tó yẹ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, lúkúlúkú wọlé. Lọ́jọ́ kìíní, a kó òkú tó kún garawa kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, kòtò ni a gbẹ́. Alhaja dúró létí kòtò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

A ní bóyá oògùn yẹn ni kò dára. Nígbà tí a kó òmíràn wọlé, a lọ ra àjẹsára lọ́dọ̀ dókítà ẹran mìíràn. Ọkùnrin náà sọ fún mi pé, "Omi tó mọ́ ni kí ẹ lò o." Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ kọ́ ará ilé Alhaja ní ìmọ́tótó? Lọ́dọ̀ tiwa, bí ìgbà tí àlejò pàtàkì ń bọ̀ ni ọjọ́ àjẹsára rí. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú la ti máa ń kó gbogbo àwo ìmumi adìyẹ síta, a ó fi bílíìṣì fọ̀ wọ́n, a ó fi fọ táńkì omi, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ọgbà. Tó bá di àárọ̀, Alhaja fúnra rẹ̀ á wá láti Òṣogbo, á gbé àwo kan sún mọ́ imú. Bí òórùn bílíìṣì bá kọlù ú, á ní, "Ó mọ́." Ìgbà náà ni mo tó lè da àjẹsára sómi.

Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì náà kú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí n kọjá lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó tún sọ pé oògùn ni kò dára. Ọwọ́ mi ni wọ́n ní kò dára. Ìyá Ṣàkírù, tí ilé rẹ̀ fara kan ọgbà wa, máa ń sin adìyẹ ìbílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àgbébọ̀ rẹ̀ kan fò wọ ọ̀dọ̀ wa, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti bá a mú un. Obìnrin tí a ti ń kí ara wa láàárọ̀ lálẹ́ láti ọdún pípẹ́ wá, ó sáré wọlé pẹ̀lú ìborùn lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ má fi ọwọ́ yín kan adìyẹ mi." Kò fi ìjà sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ sọ ọ́ ni, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Alhaja ránṣẹ́ pè mí.

"Jídé, ṣé ìwọ lo pa adìyẹ mi?"

"Wàláì, Alhaja, èmi kọ́." Mo ti bá wọn gbé débi pé mo ti ń búra bíi tiwọn.

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n mo máa kó wọn wá lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyẹn ló sì kẹ́yìn. Tí ìyẹn bá tún kú, màá ti ọgbà yìí pa, kí kálukú máa lọ sílé ẹ̀. Ṣó o rántí ọkùnrin ará Íńdíà tó ta kéèjì, ilé irin adìyẹ, fún wa? Ó ní kí n rán ẹnì kan wá wò bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn. Lọ. Lọ wo ọwọ́ àwọn tí tiwọn kì í kú."

Kóòtù

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ àti pápá ọkọ̀ òfurufú yọ yín lẹ́nu. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ọ̀rọ̀ kóòtù. Àǹtí mi kan ní Iléṣà, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ló sọ fún mi pé òkè òkun tutù, kí n má fi ẹ̀mí ara mi ṣeré. Mo wọ kóòtù onírun, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra. Gúúsù Íńdíà ni mo lọ, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Tàmílì. Nígbà tí mo fẹsẹ̀ kan ìta, ooru tó gbá mi lójú ju ti Òṣogbo nínú oṣù kejì lọ.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Míínà ló wá pàdé mi. Dókítà ẹran ni lóko tí ọkùnrin oníkéèjì yẹn júwe fún wa, ó gbọ́ Òyìnbó dáadáa, òun ló sì di ẹnu àti etí mi níbẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rí bí òógùn ṣe ń já bọ́ lára mi.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá. Kóòtù ni."

Ó fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò lè pa á mọ́. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ṣé òtútù ò mú mi.

Mo ti máa ń gbọ́ pé wọ́n ń wo àlejò bí ẹran ọ̀sìn nílẹ̀ ibòmíì. Wọ́n wò mí lóòótọ́. Àwọn ọmọdé fọwọ́ kan irun mi, àwọn àgbà béèrè mélòó ni ọmọ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró nídìí àwọn tó ń ta tíì lẹ́bàá ọ̀nà, ọkùnrin tó ń da tíì láti inú ife kan sí ìkejì láti òkè réré béèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Míínà sọ fún un pé adìyẹ ni mo ń fún ní àjẹsára. Gbogbo ojú tó ń wò mí bá rọ̀. Ẹnì kan ní ìyàwó òun náà ń ṣe é, ẹlòmíràn ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo rìn jìnnà tó kí n tó dé ìlú tí iṣẹ́ mi kì í ti í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọkùnrin onítíì náà kò gbowó lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn.

Olówó Adìyẹ Tí Kì Í Jẹ Ẹyin

Ẹni tó ni oko náà ní adìyẹ ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Mo ní ẹ fojú inú wò ó! Ilé adìyẹ kan á gùn tó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn wa ní Ìwàrà dé odò. Kí o tó wọlé, wàá wẹ̀, wàá pààrọ̀ aṣọ, wàá ti ẹsẹ̀ bọ omi oògùn. Mo rò pé ilé ọkùnrin yẹn á máa rùn fún ọbẹ̀ adìyẹ ni. Àṣé kò jẹ ẹran rí láyé rẹ̀, kò jẹ ẹyin.

Ó gbà mí lálejò nílé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí mo dé. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, a jókòó sílẹ̀. Wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú kálukú, wọ́n bu ìrẹsì sí i, wọ́n bu ẹ̀wà olómi lé e, wọ́n tún bu oríṣiríṣi nǹkan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ yí i ká. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun. Inú mi dùn pé ibi kan wà lókè òkun tí wọn ò ti ní fi fọ́ọ̀kì dá mi lẹ́bi.

Mo bi í pé, "Ọ̀gá, ẹ ò tọ́ ẹyin wò rí rárá?"

"Rárá. Bàbá mi ò jẹ ẹ́, ìyá mi ò jẹ ẹ́."

"Báwo wá lẹ ṣe mọ̀ pé ó dára?"

"Àwọn tó ń jẹ ẹ́ ń padà wá rà á."

Nígbà tí mo jẹun tán, mo ká ewé mi síta, mo tì í síwájú, bí ẹni tó mọ ẹ̀tọ́. Ìyá àgbà ilé náà tẹjú mọ́ ewé yẹn. Míínà bá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ilé òkú ni wọ́n ti máa ń ká a síta bẹ́ẹ̀. Bí oúnjẹ bá dùn mọ́ ẹni, ọ̀dọ̀ ara ẹni la ń ká a sí. Mo yára ṣí i, mo tún un ká, mo sì bẹ ìyá náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu ìrẹsì mìíràn fún mi, mo sì ní láti jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ẹ má bi mí ní iyán. Kò sí. Àkàrà funfun kan wà tí wọ́n ń fi ooru omi sè láàárọ̀, ó rọ̀, ó sì ń yọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n, ikùn á tún ti máa béèrè ohun tó fi sílẹ̀ ní Ìwàrà.

Àkká

Àwọn tó ń fún adìyẹ lóògùn lóko náà, obìnrin ni gbogbo wọn, wọ́n ń lọ bí ọgbọ̀n. Arúgbó kan ló ń darí wọn. Àkká ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin lédè wọn. Ó tín-ín-rín, eyín rẹ̀ ti kù díẹ̀, ó máa ń fi òdòdó funfun sínú irun rẹ̀ láràárọ̀, àwọn dókítà tó kàwé sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi dé iwájú rẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbẹ̀, ni mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí mo ṣe máa ṣe nílé. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Míínà ní ó ń súre fún mi. Àṣé àwọn náà ń wólẹ̀ fún àgbà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo ti dé ọ̀dọ̀ ènìyàn.

Kò sí ọ̀nà tí wọn kì í gbà fún adìyẹ ní àjẹsára níbẹ̀. Mo rí i tí àwọn obìnrin jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí wọ́n ń kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sójú òròmọdìyẹ, tí wọ́n sì ń dúró títí yóò fi ṣẹ́jú kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀. Mo rí i tí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́n ọn bí ìrì sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ìgbóná adìyẹ, abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n fi ń gún awọ ìyẹ́ apá wọn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n á padà wá wò bóyá ojú ibẹ̀ ti wú. Bí kò bá wú, wọ́n á tún un gún. Níbi tí wọ́n ti ń pa ẹyin, mo rí ẹ̀rọ kan tó ń gún ẹyin lábẹ́rẹ́ nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú. Mo dúró níwájú ẹ̀rọ yẹn, mo yanu sílẹ̀. Ọmọ tí wọn ò tíì bí ti gbàjẹsára!

Ṣùgbọ́n èyí tí mo wá kọ́ ni tinú omi, nítorí òun là ń ṣe nílé, òun ló sì dójú tì mí.

Ó Gbọ́ Òórùn Ọwọ́ Mi

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ní tó bá di ọ̀la, àwọn máa fún ilé kan ní àjẹsára lúkúlúkú nínú omi. Mo ní àyè wá gbà mí wàyí, kí n fi hàn wọ́n pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ní ìdájí, mo wá bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́, mo kó gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn síta, mo fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Mo tò wọ́n sílẹ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń retí ìyìn.

Àkká dé pẹ̀lú àwọn obìnrin rẹ̀. Ó dúró lójijì. Ó fa èémí símú. Ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wò mí, ó wá sọ́dọ̀ mi, ó mú ọwọ́ ọ̀tún mi, ó gbé e sí imú. Ẹ̀yin ará, ó ju ọwọ́ náà nù bí ẹni pé iná ni! Ó fi igbe ta. Àwọn obìnrin náà da omi nù, wọ́n sáré gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn wá, wọ́n sì lé mi lọ sábẹ́ igi dóńgóyárò. Mo jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Mi ò tíì mọ ohun tí mo ṣe.

Míínà wá bá mi lábẹ́ igi.

"Sà, kí lẹ rò pé ó wà nínú ìgò àjẹsára yẹn?"

"Oògùn tó ń pa lúkúlúkú ni."

"Rárá o. Lúkúlúkú fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tí kò lágbára mọ́. Ó wà láàyè, sà. Ara adìyẹ á bá a jà, á ṣẹ́gun rẹ̀, á sì mọ̀ ọ́n. Tí èyí tó lágbára bá wá dé, ara ti mọ bó ṣe máa gbá a mú. Ṣùgbọ́n bílíìṣì ń pa á. Tó bá ti kú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi lásán ni adìyẹ mu."

"Kódà bí a bá ti ṣan bọ́kẹ́ẹ̀tì náà?"

"Ṣé òórùn rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀?"

Mo rántí Alhaja, pẹ̀lú àwo nímú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó ti tó láti pa á nìyẹn."

Mo sunkún. Mi ò ní purọ́ fún yín, àgbàlagbà bíi tèmi sunkún lábẹ́ dóńgóyárò nílẹ̀ onílẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe ń búra, gbogbo bí mo ṣe ń bínú sí Ìyá Ṣàkírù, òótọ́ lobìnrin náà sọ. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Mo fi ìmọ́tótó pa oògùn, lẹ́yìn náà mo gbé omi lásán fún adìyẹ, mo sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹkún náà ni Àkká bá mi lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ tán. Ó na tíì sí mi, ó jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán. Láti ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, ọwọ́ ló sì fi ń kọ́ni, nítorí a ò gbédè ara wa. Ó kọ́ mi pé ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú, kẹ́míkà kankan ò gbọdọ̀ kan omi tàbí àwo. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi kànga fọ̀ ọ́, ó tán. Kí a gba omi lẹ́nu adìyẹ fún wákàtí méjì kí òǹgbẹ lè gbẹ wọ́n. Kí a po mílíìkì tí kò lọ́ràá sínú omi ná, nítorí mílíìkì ló ń dáàbò bo ohun abẹ̀mí náà. Kí a ṣí ìgò àjẹsára nínú omi, kí oòrùn má sì kàn án. Lẹ́yìn náà ó da aró búlúù díẹ̀ sí i. Mo rò pé fún ẹwà ni. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó mú adìyẹ kan, ó la ẹnu rẹ̀, ó sì fi ahọ́n rẹ̀ hàn mí: búlúù. Èyí tí ahọ́n rẹ̀ kò bá búlúù, kò mu ún nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, ó ní èmi ni kí n darí iṣẹ́ ilé kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e sí imú bíi tọjọ́ yẹn. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Mo bi Míínà pé kí ló wí.

"Ó ní ó mọ́."

Imú Alhaja

Mo kọ́kọ́ yà ní Ìwàrà. Màmá mi gbá mi mú, ó tẹ̀ mí níkùn, ó ní, "Jídé, ṣé ọ̀n fún ọ luyán jẹ?" Kí n tó dáhùn, ó ti gbé iṣu kaná. Èmi nìkan ni mo jẹ iyán ẹni mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn, ojú ò sì tì mí.

Lẹ́yìn náà ni mo wá dé iwájú Alhaja. Báwo lo ṣe máa sọ fún àgbà tó rán ọ níṣẹ́ pé òun gan-an ló ṣe é? Mo ṣàlàyé ohun abẹ̀mí tó wà nínú ìgò. Mo ṣàlàyé bílíìṣì. Mo ní ọwọ́ mi ló pa wọ́n, kó dárí jì mí. Ó ń gbọ́, tẹ̀sùbáà rẹ̀ ò sì mira lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa fi bílíìṣì fọ̀ ọ́?"

Mo wolẹ̀.

"Jídé, mo ní ta ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ó ti kọjá."

Ó wá ní, "Làílà! Èmi ni."

Lọ́jọ́ kejì, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rò pé ó máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú sílẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí olówó ṣe máa ń ṣe. Obìnrin yìí dìde dúró. "Ẹ gbọ́ o. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọwọ́ Jídé ló ń pa adìyẹ, ọwọ́ Jídé kọ́. Imú tèmi ni."

Mo ní, "Ọwọ́ mi àti imú yín ni, Alhaja. Àwọn méjèèjì jọ ṣe é."

Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo ọgbà sì gbà á. Ó ti pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

A kó òròmọdìyẹ wọlé lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí ọjọ́ àjẹsára pé, kò sí òórùn bílíìṣì lọ́gbà. Nígbà tí mo ń po mílíìkì sómi, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ kígbe pé, "Adìyẹ ń mu mílíìkì, ògì lásán lèmi mu wá síṣẹ́!" Alhaja gbé àwo kan sí imú. Ó gbọ́ òórùn mílíìkì, ó gbọ́ òórùn omi kànga, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e fún mi. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ní òun fúnra òun fẹ́ wò ó. Ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó wọlé, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń la ẹnu wọn. "Búlúù. Búlúù. Èyí náà búlúù!" Nígbà tó máa fi jáde, ìka rẹ̀ pàápàá ti di búlúù, ó sì ń fi hàn gbogbo ẹni tó bá kọjá.

Àjẹsára díẹ̀ ṣẹ́ kù. Mo lọ sẹ́nu ọgbà, mo ní kí Ìyá Ṣàkírù kó tirẹ̀ wá. Ó dúpẹ́, ó kí mi kú àbọ̀, ó sì ní kí n má ṣe ìyọnu. Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ọyẹ́

Ọyẹ́ dé, ó sì gbé lúkúlúkú dání, bó ṣe máa ń gbé e wá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọjà, ó ń bọ̀ láti agboolé dé agboolé. Láàárọ̀, ẹ ó rí adìyẹ tí ọrùn rẹ̀ lọ́, tó ń yí po lójú kan. Àwa náà ò sùn dáadáa mọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń wọ inú ilé adìyẹ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, tí mo ń wá ọrùn lílọ́, tí mo ń wo ìgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Èkejì kọjá. Àìsàn náà wá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣàkírù, ògiri kan ṣoṣo ló sì pín wa níyà. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí àgbébọ̀ rẹ̀ kú.

Tiwa ò kú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin. Ọ̀kẹ́ kan adìyẹ ń ké lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀, ariwo wọn ń dé ojú títì, mo sì dúró láàárín wọn, mo ń pariwo bíi tiwọn. Alhaja ní kí n dákẹ́, pé mo ń dẹ́rù ba àwọn adìyẹ. Òun náà ń sunkún.

Nígbà tí àìsàn náà ti rọlẹ̀ nílùú, mo rí ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà ọgbà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ìyá Ṣàkírù ni. Ó gbé agbọ̀n kan dání, ó fi ìborùn bò ó lórí. Adìyẹ tuntun mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo dì í mú.

"Bàbá Dúpẹ́," ó ní, "ẹ má wo tọjọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọwọ́ yín kàn wọ́n."

Mo ti gba agbọ̀n náà tán kí n tó rántí. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sí imú ná. Kò rùn nǹkan kan. Mo ṣí ìborùn, mo sì mú adìyẹ àkọ́kọ́.